Ẹ bu omi kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀

Sí Olóòtú,

Òǹkàwé yín kan gba àwọn tó ń gbé nítòsí ibi ìwakùsà nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa se omi odò kí wọ́n tó mu ún. Mo mọ̀ pé ire ló ń wá, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Síse a máa pa kòkòrò, kì í pa òjé tàbí ásẹ́níìkì, àwọn èròjà olóró tó ń ti ibi ìwakùsà wọ omi. Bí omi bá ṣe ń fà ni wọ́n ń ki sí i.

Iṣẹ́ mi ni wíwọn irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún ásẹ́níìkì nínú omi mímu jẹ́ máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù). Ti kádímíọ̀mù, èròjà olóró míì, 3 péré. Ojú ò lè rí i, ẹnu ò lè tọ́ ọ wò. Ásíìdì ni mo fi ń fọ ìgò tí mo fi ń bu omi, mo sì tún máa ń kán an sínú omi ọ̀hún, kí èròjà má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò.

Inú àpáta làwọn èròjà olóró yìí wà tẹ́lẹ̀. Táwọn awakùsà bá hú òkúta tó ní irin àti imí ọjọ́ nínú síta, afẹ́fẹ́ àti òjò á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn á sì yọ́ àwọn èròjà tó kù sínú odò. Kò ní dáwọ́ dúró lọ́jọ́ táwọn awakùsà bá kẹ́rù wọn lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan bi mí létí odò kan, lẹ́yìn táwọn awakùsà ti lọ: “Ọmọ mi, ṣé àwọn awakùsà ló kó oró inú omi yìí wá, àbí ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀?” Mi ò rí èsì fún un. Kò sẹ́ni tó bu omi odò náà wò kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ní Toyama, lórílẹ̀-èdè Japan, kádímíọ̀mù láti ibi ìwakùsà gba odò Jinzu wọ oko ìrẹsì. Egungun àwọn èèyàn ń ro wọ́n débi pé “ó ń dùn mí, ó ń dùn mí” ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Ọdún 1968 nìjọba tó gbà pé kádímíọ̀mù ló fà á.

Níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ wa kùsà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ omi odò, omi kànga, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò àti ilẹ̀ oko wò, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Àbájáde rẹ̀ ni kí ẹ gbà sọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé.

Èmi ni,
Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan