Ìyá Ìbejì, ilé yín ti ń mumi

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì mi,

Ọ̀rẹ́ mi àtọmọdé, ṣé àlàáfíà lo wà? Báwo làwọn ìbejì, ṣé wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ àbí Faransé nìkan ṣì ni? Bàbá wọn ńkọ́, ṣé Líbùrẹ́fílì ní Gabon yẹn ń gbè é? Àwa náà wà, a dúpẹ́, Ràṣídì ti ga ju bàbá ẹ̀ lọ báyìí.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tó o ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé Àjàṣẹ́ ti di ìlú mìíràn, pé o rí fótò kan tó ò sì dá ibẹ̀ mọ̀. Mo fẹ́ dá ẹ lóhùn lójú ẹsẹ̀ àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ṣeé fi ohùn ìṣẹ́jú méjì sọ, pàápàá torí pé ilé bàbá yín wà nínú ẹ̀, ni mo ṣe ní kí n jókòó kí n kọ ọ́, kó o lè fara balẹ̀ kà á.

Òótọ́ ni. Tó o bá ti Kútọnu bọ̀ báyìí tó o gun afárá, tó o rí ọ̀sà lọ́tùn-ún lósì, ìlú tó o máa bá lókè yẹn kì í ṣe èyí tó o fi sílẹ̀. Àwọn ọ̀nà tá a máa ń ká aṣọ sókè gbà lọ síléèwé, tí ẹrẹ̀ máa ń gba sálúbàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, púpọ̀ nínú wọn ti ní pàfé, búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n ń tò sílẹ̀, àwọn mìíràn gùdúróò, ìyẹn ọ̀dà dúdú. Asfatáàjì ni gbogbo èèyàn ń pè é, ètò tí ìjọba gbé lọ sáwọn ìlú ńlá, Kútọnu, àwa, Pàràkú, Bohicon, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ri òpó iná, ìyá tó ń dín ẹja lẹ́nu ọ̀nà wa kì í tan àtùpà mọ́, abẹ́ òpó ló ń gbé agbada ẹ̀ sí tí á fi di aago mọ́kànlá òru.

Inú mi dùn sí i, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣé o rántí ìgbà tí mo fẹ́ bí Ràṣídì, tí wọ́n gbé mi sórí sẹ́mì, ọ̀kadà akérò, tá a já sínú kòtò lọ́nà Òganlá, tí mo pariwo débi pé àwọn tó ń kírun jáde wá wò? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bímọ lọ́dún tó kọjá, ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n gbé e gbà, ó ní òun ò mọ ìgbà tí àwọn dé. Nítorí ìyẹn nìkan mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú títì lójú mi.

Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìlú máa ń gbà kọjá. Ẹni tó wá wọn aṣọ á sọ tiẹ̀, ẹni tó wá gba aṣọ ọdún á sọ tiẹ̀, n ó sì máa gbọ́, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Tàwọn sẹ́mì, ọpẹ́ ni. Èyí tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa sọ pé tẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́ta mẹ́ta lòun máa ń pààrọ̀ àmọ́tísọ̀ ọ̀kadà òun, irin tí kì í jẹ́ kó máa gbọ̀n, ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí ọ̀rọ̀ yẹn ò gbé òun dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Tàwọn onílé náà, ọpẹ́ ni, yàrá kan tí wọ́n ń gba 6,000 sẹ́fà lórí ẹ̀ lójúlé tó kọjú sí wa, 12,000 ni báyìí, onílé ní títì ti dé. Tíṣà kan tí mo máa ń ránṣọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ kò rí i san, ó ti kó lọ sí ọ̀nà Àjàrá, ó wá ń wọ sẹ́mì wá síṣẹ́ láràárọ̀ lórí títì dáadáa tó lé e kúrò.

Ìyá alákàrà abẹ́ igi máńgòrò, ṣé o rántí ẹ̀? Igi ti lọ, òun náà ti kúrò níbẹ̀. Inú kọ̀rọ̀ kan ló ti ń din àkàrà báyìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n nìkan ló ń yà síbẹ̀, èrò ọ̀nà ò rí i mọ́. Òun náà wà lára àwọn tí dégẹ̀pí ọdún 2017 kàn, ìgbà tí wọ́n ń wó gbogbo àgọ́ àti ìsọ̀ tó yọrí sí ojú ọ̀nà, ó padà sábẹ́ igi náà lẹ́yìn ìyẹn, títì wá dé. Ó sọ fún mi pé òun ò bá títì jà, òun náà ń rìn lórí ẹ̀, ohun tó dun òun ni pé ọmọkùnrin tó wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun jókòó sídìí igi náà, òun ń po ẹ̀wà lílọ̀, kò kí òun. Ó sàmì, ó lọ. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju ti owó ilé lọ, torí òun gan-an ni ẹjọ́ tiwa náà.

Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ ti Asàńbúlé, ilé àwọn aṣòfin, fún ẹ, torí fótò tó o rí, bóyá òun ni. Ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láyé ààrẹ Yayi Boni tí wọn ò parí, tó dúró bí egungun ẹja fún ọdún gbọọrọ, o mọ ìyẹn. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lọ́dún 2021 yàtọ̀, ọmọ Bùrùkínà tí wọ́n ń pè ní Francis Kéré ló yà á, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, lọ́dún 2022, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn tó ń yàwòrán ilé. Igi ló wò yà á, igi ńlá táwọn àgbà máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ ìlú, ìsàlẹ̀ ẹ̀ rí bí ìdí igi, òkè ẹ̀ wá fẹ̀ jáde bí ẹ̀ka. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń lọ ya fótò níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí mo sọ ìtàn igi yẹn fún àbúrò bàbá mi, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ó dáa. Àwa náà ìgbà wo ni wọ́n á pè wá sábẹ́ igi?"

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Àwọn tó gba iṣẹ́ títì ojúlé wa kó yanrìn àti òkúta dà sílẹ̀ kí wọ́n tó to pàfé lé e, títì wá ga. Tẹ́lẹ̀, èèyàn á ti ojú ọ̀nà gun àkàsọ̀ méjì kó tó wọ ilé bàbá yín, ṣé o rántí? Báyìí sísọ̀ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ibẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù mi náà bẹ́ẹ̀ ni. Gọ́tà wà o, gọ́tà gidi tí wọ́n bo lórí, ṣùgbọ́n omi orí títì nìkan ló wà fún, ẹnu ẹ̀ ga ju àgbàlá wa lọ, omi inú ilé ò lè gòkè wọ ibẹ̀. Òjò oṣù kẹfà tó kọjá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, bàtà Ràṣídì ń léfòó, omi ti dé orí pátákó tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ máṣínnì, lẹ́ẹ̀sì oníbàárà kan tí mo tẹ́ sórí àpótí ti mu ún dé ìdajì.

Ihò abẹ́ ògiri yín lẹ́yìn ilé, èyí tá a máa ń ju èèpo ọsàn sí nígbà òjò tá a máa ń sáré lọ sódì kejì wo tẹni tó máa kọ́kọ́ jáde, tí bàbá yín máa ń lé wa níbẹ̀ pé ká má dí ojú omi, ibẹ̀ ni omi gbogbo ojúlé márààrún máa ń gbà, á gba ẹ̀yìn mọ́sálásí kékeré, á lọ sí Zounvi, àbàtà ìsàlẹ̀ ìlú, láti ibẹ̀ á di ọ̀sà. Zounvi náà làwọn èèyàn ń kó yanrìn dí díẹ̀díẹ̀ láti fi kọ́lé, ẹ̀yìn mọ́sálásí ti ní ògiri búlọ́ọ̀kù. Gbogbo àgbà tó sùn lójúlé wa rí ló mọ ọ̀nà omi yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n bí orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ báwo ni onílé ṣe máa sọ pé òun ò gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn ẹ̀?

A lọ bá sẹ́ẹ̀fù kátíẹ̀, olórí àdúgbò wa, ó gbọ́ wa, ó pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà wá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó kí wa dáadáa, Faransé ló ń sọ, àbúrò bàbá mi ń sọ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ mi ń túmọ̀. Bàbá fi ọ̀pá ẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀, láti ihò yín títí dé apá Zounvi, ọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó fi fóònù ya ìlà yẹn. Ó ní pláàn ti jáde tipẹ́, òun ò lè sọ títì kalẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní ìpẹ̀kun ojúlé lọ́hùn-ún, wọ́n ri páìpù kan gba abẹ́ títì kọjá. Ilé mẹ́ta tó wà lápá ibẹ̀ ò rí omi nínú ilé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìlà ọ̀pá bàbá arúgbó ló ṣe ìyẹn. Ká ní wọ́n ti wá kí wọ́n tó da yanrìn àkọ́kọ́ ni, gbogbo wa ì bá ti gbẹ.

Tiyín àti tèmi ò sí lára ilé mẹ́ta yẹn.

Ilé yín, Ìyá Ìbejì. Amọ̀ ni ìsàlẹ̀ ẹ̀, bíi gbogbo ilé Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà, tó kù nílùú yìí. Mo fi ìka kan ògiri lápá ibi tí màmá yín máa ń to ìkòkò sí, ìka mi wọlé bí ẹni fi ìka kan ẹ̀kọ tútù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ tún un ṣe, wọ́n ra sìmẹ́ǹtì, wọ́n rẹ́ ẹ dé ìbàdí ògiri, ó dán, ó dùn ún wò, lóṣù mẹ́ta ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń já bọ́ pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn. Bíríkìlà àgbà kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lára àwọn ilé àtijọ́ sọ fún wa pé amọ̀ ń mí, ẹ̀fun ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ láyé àtijọ́ kí omi lè rí ọ̀nà jáde, sìmẹ́ǹtì dí i nímú, omi wá há sínú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òdòdó orí ilẹ̀kùn ìta, èyí tí bàbá bàbá yín ní kí wọ́n fi ẹ̀fun gbẹ́ bíi ti mọ́sálásí ńlá, já bọ́ láàárọ̀ kùtù. Ewé méjì nínú ẹ̀ fọ́, ìyókù pé. Mo fi àjákù àǹkárá wé e, ó wà nínú àpótí mi.

Èyí ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹnì kan ti Kútọnu wá, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá, ó fẹ́ ra ilẹ̀ náà, ó fẹ́ wó ilé, ó fẹ́ kọ́ alájà mẹ́ta kó fi ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù, títì ti sọ ilẹ̀ di góòlù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ń rò ó. Jọ̀ọ́ má bínú sí wọn, àwọn ló ń sùn nínú ẹ̀, èyí ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ ti gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ọmọ wọn kékeré ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni, wọn ò lè dá a tà láìjẹ́ pé gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ín fọwọ́ sí i, ìwọ náà wà níbẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ kó o kàn buwọ́ lù ú torí pé ó jìnnà. Láti 1996 ni ìjọba ti kọ orúkọ àwọn àdúgbò àtijọ́ wa àti ààfin ọba ránṣẹ́ sí UNESCO pé ká wọ inú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé. Kí ni wọ́n á wá wò tí a bá ti wó wọn tán? Ilé da Silva, ilé Àgùdà tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù, nìkan ò lè jẹ́ Àjàṣẹ́.

Bíríkìlà yẹn ní ilé náà ò tíì kú. Ó ní kí wọ́n há sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò, kí wọ́n fi amọ̀ àti ẹ̀fun tún ìsàlẹ̀ ṣe, kí wọ́n la ojú omi láti ihò yẹn lọ bá páìpù tó wà ní ìpẹ̀kun ojúlé, pé àtilẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èmi máa san apá tèmi lórí ojú omi yẹn, torí ó máa gba tèmi náà sílẹ̀. Ìyókù ọwọ́ ẹ̀yin ẹbí ló wà.

Pè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun aláásàárì, gbogbo wọn máa ń wà nílé nígbà yẹn, n ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò bàbá mi. Má pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn pọ̀ ni kó o pè, kó o sì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ọmọ tó ń wúkọ́ kó o tó dárúkọ ilé.

Bá mi kí àwọn ìbejì, bá mi kí bàbá wọn. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá ọ̀sà, jẹ́ kí n lọ gbé máṣínnì sórí tábìlì.

Èmi ni,
Ìyá Ràṣídì