Nínú àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, "p53 kò sí" kì í ṣe "kò séwu"

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn tó ń kọ èsì àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin àti àwọn dókítà tó ń lò ó. Kí wọ́n kàn kọ "p53 wà" tàbí "p53 kò sí" kò tó, ó sì lè ṣini lọ́nà. Ìtọ́jú odindi ènìyàn lè rọ̀ mọ́ ìlà kan ṣoṣo yẹn.

p53 ni prótéènì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì rẹ̀ bà jẹ́ dúró kó má baà máa pín. Nínú irú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní high-grade serous, TCGA, iṣẹ́ ìwádìí ńlá ti Amẹ́ríkà lórí jíìnì jẹjẹrẹ, fi hàn lọ́dún 2011 pé TP53, jíìnì tó ń mú p53 jáde, ti bà jẹ́ nínú ìdá 96 nínú 100. Nínú àyẹ̀wò p53, wọ́n máa ń kun abala ẹran tín-ínrín lórí gíláàsì: ibi tí prótéènì náà wà á di búráùn, ibi tí kò sí á jẹ́ aró. Ọ̀nà tó ń gbà bà jẹ́ ló yàtọ̀. Nígbà mìíràn, prótéènì tí kò wúlò mọ́ á kóra jọ, kóró sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á sì gba àwọ̀ búráùn tó ki. Nígbà mìíràn, prótéènì náà kò tilẹ̀ ní jáde. Àwọ̀ aró nìkan lẹ ó rí. Èyí tí jíìnì rẹ̀ kò bà jẹ́ máa ń jẹ́ àbùlà: kóró kan á ki, èkejì á hàn fẹ́ẹ́rẹ́, òmíràn kò ní ní rárá.

Nítorí náà, "kò sí" lè jẹ́ ẹ̀rí pé jíìnì ti bà jẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé àyẹ̀wò ló kùnà. Ẹ wo òpó ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ náà lórí gíláàsì kan náà. Bí búráùn díẹ̀ bá wà lára wọn, òótọ́ ni "kò sí" náà. Bí àwọn náà bá jẹ́ aró lásán, ẹ má kọ èsì. Ẹ tún un ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń lo fọ́málíìnì, oògùn olómi tí wọ́n ń fi ẹran pamọ́ kó má baà jẹrà, ló sábà ń mú kí àyẹ̀wò kùnà. Wọ́n á ju odindi kókó sínú ìgò kékeré. Ìta rẹ̀ á gan, inú rẹ̀ á máa jẹrà. Láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá gé e jáde, kí wọ́n là á sí abala tí kò nípọn ju mìlímítà 5 lọ, kí fọ́málíìnì ìdá 10 nínú 100 tó ní bọ́fà (èròjà tí kì í jẹ́ kó kan) tó ìlọ́po 10 ẹran náà, kó sì wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72.

E-cadherin, prótéènì tó ń so sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, náà gba ìṣọ́ra. Etí sẹ́ẹ̀lì la ti ń kà á, kì í ṣe inú rẹ̀. Ẹ má sì fi ojú jẹjẹrẹ ọmú wò ó: awọ ìta ilé-ẹyin kì í sábà ní in púpọ̀, jẹjẹrẹ ibẹ̀ ló sábà máa ń ní in. Bí ẹ bá rí i, ẹ má kọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀.

Ẹ jẹ́ kí èsì sọ bí àwọ̀ ṣe rí, ibi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, àti ohun tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi hàn.

Àwa òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò