Ìlà mẹ́ta lé ọmọ níbi iṣẹ́, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnira, torí mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín, inú gósílóò lẹ ti ń ka èyí. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò lè gbé e mì. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ gráfíìkì, wọ́n ti lé e níbi iṣẹ́ nítorí ìlà mẹ́ta. Ìlà mẹ́ta péré o! Alẹ́ Sátidé ló kọ ọ́, ó gbé e sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp, ẹnì kan ṣe screenshot ẹ̀, nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè ọ̀gá ti rí i. Háíkù ni, ewì kékeré tó ti Jàpáànù wá, ìlà mẹ́ta, sílébù márùn-ún, méje, márùn-ún, téèyàn máa ń fìka kà. Ohun tó kọ rèé:

Ọ̀gá mi ahun
oṣù mẹ́ta kò sówó
mọ́tò tuntun dé

Kí n tó bínú, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ìlà kẹta yẹn dáa, mo rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé ó dun òun, kò ṣépè, ó kàn wa mọ́tò wá síwájú wa. Ìlà kìíní ló bà á jẹ́. Ahun! Èyí kì í ṣe ohun téèyàn fojú rí, èébú ni, ẹnikẹ́ni tínú ń bí ló lè bú èèyàn láhun, kò dìgbà tó bá ka ìka. Èébú yẹn gan-an ni wọ́n tọ́ka sí nínú lẹ́tà tí wọ́n fi lé e. Owó oṣù mẹ́ta tó sì ń bínú lé lórí, ìyẹn náà ti wọmi báyìí.

Ẹ má rò pé mò ń gbèjà ọ̀gá yẹn o. Ẹni tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta tó tún lọ ra mọ́tò, Ọlọ́run ń wò ó. Àmọ́ kí ló ń lé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gan-an? Kí ló dé tí ohun tẹ́ ẹ kọ ò lè sùn nínú fóònù di àárọ̀?

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kọ háíkù o. Èmi náà ń kọ ọ́. Ṣómólú ni mo ti ṣiṣẹ́, mò ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé kan kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Kọ́sítọ́mà kan gbé ìwé ewì tín-ín-rín wá, ìlà mẹ́ta lójú ewé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìyókù òfìfo. Ọ̀gá wa wò ó títí, ó ní ṣé bébà ń já bọ́ látọ̀run ni, kí n kó mẹ́fà mẹ́fà pọ̀ sójú kan. Kọ́sítọ́mà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Èmi tí mò ń tò ó ti ń fìka kà á lábẹ́ tábìlì, márùn-ún, méje, márùn-ún, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi sẹ́yìn bébà tó bà jẹ́ nìyẹn. Bébà tó bà jẹ́ kì í sì í wọ́n wa, ìńkì á dà, ẹ̀rọ á fa bébà ya, NEPA á múná lọ nígbà tí kọ́sítọ́mà jókòó tì ẹ́ tó ń pariwo pé ọ̀la làwọn máa sìnkú bàbá àwọn, níbo ni ìwé ètò ìsìnkú wà? Ọ̀kan tí mo kọ lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìyí:

NEPA múná lọ
ó ku ìlà kan péré
ẹ̀fọn ń kọrin

Ṣé ẹ rí i pé mi ò bú NEPA? Ẹ̀fọn ti bá mi bú wọn.

Ẹ lọ wo Basho, akéwì háíkù, ọmọ Jàpáànù tí wọ́n bí ní 1644. Ní 1689 ó rìnrìn àjò lọ sí apá àríwá ìlú wọn, òjò dá a dúró nílé ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kan lórí òkè. Kí ló kọ nípa ibi tó sùn? Eégbọn, iná aṣọ, àti ẹṣin tó ń tọ̀ létí ibi tó gbórí lé. Ó parí. Kò bú onílé, kò ní ilé yẹn dọ̀tí, ṣùgbọ́n ta ló máa ka ìyẹn tí ara ò ní máa yún? Ó tún ìwé tó kọ nípa ìrìn àjò yẹn kọ, ó tún un kọ, ó kú ní 1694, 1702 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmọ́ ẹ̀yin ò lè dúró di Mọ́ńdè!

Tó bá jẹ́ èèyàn gan-an lẹ fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní irú tìyẹn náà, senryu ni wọ́n ń pè é. Àkójọ ẹ̀ tó lókìkí jù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1765, wọn ò sì kọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ́ḿpìnnì ìnṣọ́ránsì kan ní Jàpáànù, Dai-ichi Life, ti ń ṣe ìdíje ẹ̀ láti 1987, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń kọ ọ́, wọ́n á fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á fi ìyàwó tó ń ṣọ́ owó ná ṣe yẹ̀yẹ́, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n sì ń fi sí i. Ṣé ojo ni wọ́n ni? Wọ́n fẹ́ jẹun lóṣù tó ń bọ̀ ni. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, státọ́ọ̀sì yín kọ́ lọjà ọ̀hún?

Mo bá ọmọ yẹn tún tiẹ̀ ṣe:

Owó oṣù dà
eruku mọ́tò tuntun
bà lé wa láṣọ

Ó ní ó dáa ju tòun lọ, ló bá tún fẹ́ gbé e sórí státọ́ọ̀sì lójú mi! Mo fẹ́ẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Fi í pamọ́, ọmọ yìí, ọ̀gá ẹ ṣì mọ mọ́tò ẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe lógò fún kọ́sítọ́mà tó ń ní kẹ́ ẹ kàn fi pupa díẹ̀ kún un, tẹ́ ẹ bá fi kún un tán á ní kẹ́ ẹ dá a padà, háíkù ń bẹ níbẹ̀. Àwọ̀ pupa yẹn ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ fi orúkọ kọ́sítọ́mà sílẹ̀. Ẹ sì má gbé e fún AI kó bá yín kọ ọ́, ìka mẹ́wàá ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ìwé kékeré ò wọ́n, ẹ rà á, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sí dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì o!

Ẹni tọ́wọ́ bá ń yún láti tẹ "send" lóru, kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo máa sọ ìlà tó yẹ kó yọ. Mi ò kì í tètè sùn.

Èmi ni, Ìyá yín, Ṣómólú.