Ajá Òṣùpá àti Òdo Tí Mo Fò: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Di Olùkọ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé oorun máa ń gbé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ lọ bí o bá ti mú ìwé ìṣirò jáde, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn á lajú kalẹ̀ bí o bá ti fẹnu kan ìràwọ̀. O ní ṣé kí o da méjèèjì pọ̀. Dà wọ́n pọ̀. Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi ṣe ṣe é tó fi dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, mo kọ orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sójú pátákó (mẹ́sàn-án là ń kà nígbà náà). Mo kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí oòrùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n há a sórí. Nígbà tí mo dé orí Saturn, mo fo òdo kan. Dípò kí n kọ 1,430 mílíọ̀nù kìlómítà, 143 ni mo kọ. Mi ò mọ̀. Gbogbo kíláàsì ń fi ohùn orin kà á bẹ́ẹ̀, inú mi sì ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọbìnrin kékeré kan nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ayé wa wà ní 150, Saturn wà ní 143. Ṣé àárín àwa àti oòrùn ni Saturn wà ni?"

Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, tèmi tí mo jẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú, ọmọ yẹn nìkan ló ṣe ìṣirò lọ́sẹ̀ náà. Àwa yòókù kọrin ni. Bí o bá fẹ́ kọ́ wọn ní iṣẹ́ tí òdo ń ṣe nínú nọ́ńbà, àṣìṣe mi nìyẹn, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Mọ̀ọ́mọ̀ fo òdo náà, kí o wá dákẹ́, kí o máa wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ nawọ́.

Nítorí náà, má ṣe fún wọn ní fígọ̀ tí wọn kò ní fi ṣe nǹkan kan. Kó wọn jáde lọ sí pápá. Gbé òkúta kan sílẹ̀, ó di oòrùn. Sọ fún wọn pé ìṣísẹ̀ kan jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá kìlómítà. Mercury wà ní mílíọ̀nù 58. Ìṣísẹ̀ mélòó nìyẹn? Àwọn kan á ní márùn-ún, nítorí pé 5 ni wọ́n rí níwájú. Má tíì dá wọn lóhùn. Ní kí wọ́n pe nọ́ńbà náà ní Yorùbá: méjìdínlọ́gọ́ta. Ọgọ́ta ó dín méjì! Ẹnu wọn ti sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ ọgọ́ta ló wà, kò sí nítòsí àádọ́ta rárá. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni. Venus wà ní 108, méjìdínláàádọ́fà, ó di ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Ayé wa wà ní àádọ́jọ gbáko, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mars wà ní 228, igba ó lé méjìdínlọ́gbọ̀n, ó di mẹ́tàlélógún. Jupiter, 778, òun náà ku méjì kó pé 780, ó di ìṣísẹ̀ 78. Mo ti ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ nọ́ńbà di èyí tó sún mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó rí i pé òǹkà wa ti ń ṣe é fúnra rẹ̀, tí a kàn ń kà á kọjá lásán.

Kí wọ́n tó gbéra láti pílánẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́. "Ẹ ti rin 23, Jupiter wà ní 78, mélòó ló kù?" Wọ́n á ní 55, wọ́n á rìn ín, wọ́n á sì rí i pé ibi tí wọ́n ti rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tó ìdajì ibi tó ṣẹ́ kù dé Jupiter nìkan. Saturn di ìṣísẹ̀ 143, Uranus 287, Neptune 450. Bí pápá yín kò bá gùn tó, kí wọ́n ṣẹ́rí padà kí wọ́n máa kà á lọ. Wọ bàtà pẹlẹbẹ lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ ni kí o ti bi wọ́n bí oòrùn ṣe yẹ kí ó tóbi tó. Ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 390 kìlómítà, kò tó ìdá kan nínú méje ìṣísẹ̀ kan. Bí ìṣísẹ̀ ọmọdé bá jẹ́ ìdajì mítà, oòrùn yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje. Ayé wa kò ní tó mílímítà kan. Jẹ́ kí wọ́n fi pẹ́ńsù tó múná kán tóótó kan sórí bébà, kí wọ́n gbé e lọ sí ìṣísẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n wẹ̀yìn wo òkúta yẹn. Lẹ́yìn náà, ṣí àwòrán inú ìwé wọn, èyí tí wọ́n to pílánẹ́ẹ̀tì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Wọn ò tún ní gbà á gbọ́ mọ́. Tèmi ni pé àwòrán yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, ìwọ náà wà nínú wọn nígbà tí o wà ní kékeré.

Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà yẹn ni Venus. Bi wọ́n pé báwo ni ajá náà ṣe jìnnà tó. Wọ́n ti ní fígọ̀ méjì lọ́wọ́: yọ 108 kúrò nínú 150, ó ku 42. Mílíọ̀nù 42 kìlómítà ni nígbà tó bá sún mọ́ wa jù lọ. Òṣùpá ńkọ́? Nǹkan bí 384,000 ni, ẹ pè é ní 400,000 kó lè rọrùn. Kí wọ́n fi 400,000 pín 42,000,000: kí wọ́n fagi lé òdo márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀, yóò ku 420 tí a ó fi 4 pín. 105! Ọ̀nà Àgùàlà jẹ́ ìlọ́po 105 ọ̀nà òṣùpá. Ajá wo ló ń tẹ̀lé olówó rẹ̀ láti ibi tó jìnnà tó báyẹn?

Ọ̀rọ̀ iye ọdún tí wọn ì bá jẹ́ ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn kò nílò kí n sọ púpọ̀, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ fúnra wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti lo nǹkan bí ọjọ́ 3,285. Ọjọ́ 88 ni Mercury fi ń yí oòrùn po, ọdún kan níbẹ̀ nìyẹn. Pín in, ó di ọdún 37, ó sì ṣẹ́ ku 29. Ibi tí mo fẹ́ kí o ti dúró nìyẹn. Bèèrè pé 29 kí ni? Ọjọ́ 29 ni ọmọ náà ti lò nínú ọdún kejìdínlógójì rẹ̀. Ní Mars tí ọdún rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 687, kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó ku ọjọ́ 150. Ní Jupiter, kò tíì pé ọdún kan. Máa tẹnu mọ́ "kí ni" yẹn. Lọ́dún 1999, ọkọ̀ òfurufú kan tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, rán lọ sí Mars ṣègbé nítorí pé apá kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ń fi pọ́n-ùn ṣírò agbára, apá kejì ń fi newton, òṣùwọ̀n mìíràn.

Fún àwọn tó bá ti lọ ṣáájú, sọ ti Neptune. Le Verrier, onímọ̀ ìṣirò ní Faransé, jókòó ti bébà, ó ṣírò ibi tó yẹ kó wà lójú ọ̀run. Ní alẹ́ September 23, 1846, Galle, onímọ̀ ìràwọ̀, fi awò awọ̀nàjíjìn wo òkè ní Berlin, ó sì bá a nítòsí ibẹ̀. Ọdún 165 ló fi ń yí oòrùn po. Ọdún wo ló wá pé àyípo kan láti ìgbà tí a ti rí i? Jẹ́ kí wọ́n ro ó. Ìwọ náà ti dáyé kí ó tó pé e.

Wọn yóò bi ọ́ ní Pluto dandan. Ọdún 2006 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé yọ ọ́ kúrò lára pílánẹ́ẹ̀tì, mẹ́sàn-án yọ kan. Ẹnì kan á ṣì fẹ́ lọ síbẹ̀. Ó tó nǹkan bí ìṣísẹ̀ 590. Jẹ́ kí ó lọ, kí àwọn yòókù dúró ní Neptune kí wọ́n bá a ka 140 tó kù.

Ìyá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ