Ẹ kọ orúkọ aṣọ sí abẹ́ àwòrán

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà. Mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi wà láyé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ará ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ẹ gbé àwòrán ẹgbẹ́ wa jáde. Àwa mẹ́sàn-án la tò síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wa, ẹ kọ oyè ẹni tó ní oyè, ẹ tilẹ̀ kọ orúkọ ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ tí a ní kó wá bá wa gbé àpótí. Lẹ́yìn náà ẹ wá ní a “wọ aṣọ ìbílẹ̀ aláràbarà.” Ó tán síbẹ̀.

Aláràbarà! Olóòtú wa, a ò lọ síbi àpèjẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí. Nǹkan bí ogún ènìyàn ni wá ní Iléṣà yìí: aránṣọ, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń ta aṣọ lọ́jà, ọmọ yunifásítì méjì tó ń ti Ifẹ̀ wá. Ohun tó kó wa jọ ni pé a fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará ilé wa wọ̀, ẹni tó hun ún, ẹni tó rán an, ìgbà tí wọ́n wọ̀ ọ́ àti ìdí tí wọ́n fi wọ̀ ọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí kòkòrò tó jẹ ẹ́ tán. Nínú àwòrán yẹn, ẹni tó wà ní òpin ọwọ́ òsì wọ ẹtù tí wọ́n ti rẹ láró kí ìyá rẹ̀ tó bí i. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ró kíjìpá. Èmi wọ sányán ìyá tó bí ìyá mi. Ó wúwo débi pé òógùn ti bò mí kí ayàwòrán yín tó ṣe tán. Òǹkàwé yín kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ó rí ni ènìyàn mẹ́sàn-án tó múra.

Bẹ́ẹ̀ aṣọ mẹ́ta yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Kíjìpá, àwọn obìnrin ló ń hun ún nínú ilé, lórí òfì ìdúró tí wọ́n gbé ti ògiri. Aṣọ rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó wà fún oko àti fún òtútù. Ẹtù àti sányán, iṣẹ́ ọkùnrin ni, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí aránṣọ tó so ó pọ̀ létí létí. Ara ẹyẹ ẹtù ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ẹtù lórúkọ: aró ẹlú tí wọ́n rẹ ẹ́ sí léraléra títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí ìlà funfun wẹ́wẹ́ wá ń yọ lára rẹ̀. Ti sányán tún yàtọ̀. Kòkòrò inú igbó kan ló ń kọ́ ilé bí òwú sára igi. Wọ́n á já ilé náà, wọ́n á sè é nínú omi eérú, wọ́n á ran án. Àwọ̀ ara rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn, bó ṣe ti inú igbó wá ni, ẹnikẹ́ni kò rẹ ẹ́ láró. Ìgbà tí mo bá rí i tí wọ́n kọ “aṣọ òkè aláwọ̀ ilẹ̀” sí abẹ́ àwòrán sányán, ó máa ń dà bí ìgbà tí ènìyàn pe ọba ní bàbá kan tó dé fìlà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá, nítorí ayàwòrán yín ti lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ dùn.

A kéde pé kí ẹni tó bá ní aṣọ àtijọ́ nílé gbé e wá, kí a yà á ní fọ́tò, kí a wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí a kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé. A rò pé ènìyàn mẹ́wàá ni yóò wá. Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, àpótí páànù àti báàgì Ghana-must-go ti dí ẹnu ọ̀nà. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún gbé agbádá aṣọ òkè pupa kan wá. Ó ní aṣọ ìgbéyàwó bàbá òun ni, pé láti ọdún 1962 tí bàbá ti kú lòun ti ń tọ́jú rẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni àyà mi já. Òwú tí ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì wà nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní shain-shain. Ẹ̀yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, ni òwú yẹn gbòde nínú aṣọ òkè. Bàbá tó kú ní 1962 kò lè fi í gbéyàwó.

Ta ni yóò wá sọ ọ́? A ń wo ara wa lójú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yunifásítì yẹn ló là á mọ́lẹ̀: “Bàbá, bàbá yín ṣáájú aṣọ yìí.” Bàbá dìde, ó ká aṣọ rẹ̀, ó ní ọmọ àná kò lè kọ́ òun ní ìtàn ilé òun. Ó lọ. Mo bínú sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò parọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, bàbá náà wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó, ó ní kí n fún òun lómi. Ó ní òun lọ bá àbúrò ìyá òun tó kù láyé, ìyá sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Aṣọ ìgbéyàwó ti bá bàbá wọ sàréè lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Èyí tó wà nínú àpótí, àwọn ọmọ ló dá a nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí bàbá, nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà. Àkọ́bí ló wọ agbádá yẹn, òun náà ti di ará ọ̀run. Bàbá dákẹ́, ó mu omi rẹ̀ tán. Ó ní, “Áà, aṣọ bùọ̀dá mi ni mo ti ń tọ́jú látọjọ́ yìí.” Ohun tí a kọ sínú ìwé nìyẹn, ó sì fọwọ́ sí i.

Ohun mìíràn tí mi ò ní gbàgbé lọ́jọ́ náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta lọ. Tòbí ni. Ìyá tó mú un wá kò fẹ́ yọ ọ́ síta níwájú ọkùnrin. Abẹ́ ìró ni tòbí ń wà, níbi tí àwọn ìyá wa ń tọ́jú owó wọn sí. Ó ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri, ó fi aṣọ mélòó kan lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan nínú lílẹ̀ náà jẹ́ àdìrẹ Olóba, bátànì tó jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà lórí oyè ní 1935. Ojú ọba kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Akọ̀wé wa ní, “Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà,” ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Àkísà àgbà gan-an la sì wá kiri. Aṣọ tó dára, ọlọ́jà ti ní i.

A tún lọ sí Ilé-Ifẹ̀, sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní àgbègbè ààfin. Mi ò ní fi ìrìn-àjò yẹn dá yín dúró pẹ́. Ẹ ṣá ti rí àwòrán ère idẹ ọba tó dúró, èyí tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní 1957. Kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 600 ọdún. Ẹni tó rọ ọ́ kò fo ìlẹ̀kẹ̀ kan: ti ọrùn, ti àyà, ti ẹsẹ̀, bí adé ṣe rí, bí aṣọ ṣe ró mọ́ ìbàdí. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wá rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ní Igbó Olókun, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, tí wọ́n sì kéde ní 2017 pé Ifẹ̀ ló ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì fúnra rẹ̀, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yẹn wà nílẹ̀ tí wọ́n lè fi wé e. Ẹni tí kò ní kámẹ́rà ló ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Nílé wa níbí ńkọ́? Mo bi àwọn oníbàárà mi léèrè pé ta ló mọ agbádá tí wọ́n ń pè ní sapará. Ẹnìkan ní Haúsá ni. Ẹnìkan ní ó dà bí orúkọ oúnjẹ. Dókítà Oguntola Sapara, tó ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó títí di 1935 tó kú, ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sọ̀ sí Freetown ní Sierra Leone. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń wọ kóòtù nínú oòrùn, agbádá ni Sapara ń wọ̀ káàkiri, àwọn ènìyàn sì tẹ̀ lé e débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀wù. Ọmọ Ọ̀wá ni ẹ̀wù náà, àwa la gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ká mi lára jù rèé. Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ̀ ọ́n: wọ́n á di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé e lọ sí Èkìtì, lọ sí Àkókó, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á wá pa dà lọ nígbà tí owó kòkó bá dé. Bí onígbèsè bá ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: “Òṣó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi.” Wọ́n ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àwa náà ti fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè rí pé, aṣọ wo ni wọ́n ń tà?

Ìwé gbèsè bàbá àgbà wà lọ́wọ́ mi. Èèpo rẹ̀ ti já, eku ti jẹ etí rẹ̀. Àrán ọ̀pá mẹ́rin, ìyá elépo, ó ku ṣílè méjì. Gínnì ọ̀pá márùn-ún, ọmọ olóyè, ó ti san ìdajì. Sẹ́dà. Káákì. Pọ́pílíìnì funfun, ti ìsìnkú, kò tíì san kọ́bọ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni bàbá mi àgbà lò ní ilé-ìwé, àmọ́ kò sí ibì kan nínú ìwé yẹn tó kọ “aṣọ aláràbarà” sí. Bó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni ì bá ṣe gbowó rẹ̀?

Nítorí náà, Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ wa kò ju ìlà kan lọ. Nígbà tí oníròyìn yín bá ń béèrè orúkọ àti oyè níbi ìwúyè, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, kó tún béèrè pé: aṣọ wo rèé, ibo ni wọ́n ti hun ún, ta ló rán an? Inú ẹni tó wọ̀ ọ́ á dùn láti dáhùn; ẹ ò mọ àwa obìnrin ni. Bí ó bá ṣòro fún un láti mọ ẹtù yàtọ̀ sí àdìrẹ, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní wákàtí kan, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì ní àyè kò sí nínú bébà, ẹ yọ “aláràbarà” kúrò, àyè á yọ.

Ìròyìn ẹgbẹ́ wa tó kù kò pọ̀. A ń múra láti lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ, owó ọkọ̀ la ń kó jọ. Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù la máa ń pàdé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Lóṣù yìí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aṣọ la fẹ́ sọ, nítorí ohun tí a rí nínú àpótí àwọn ènìyàn bà wá nínú jẹ́: aṣọ òkè tí wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù títí ó fi hu, káńfọ̀ tí wọ́n dà lé ẹtù lórí tó fi sọ àbàwọ́n sí i, sányán tí wọ́n ká sójú kan náà fún ogójì ọdún tó wá gé síbi ìká. Ẹni tó bá fẹ́ gé ti ìyá rẹ̀ fi ṣe ìrọ̀rí àga, mo bẹ̀ ẹ́, kó kọ́kọ́ gbé e wá ká yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun ìní rẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́ kó tó gbé e wá o. Kódà bó bá ń rùn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Iléṣà.