Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Ọ̀wọ̀n Ábúsálómù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Sámúẹ́lì Kejì 18:18. Kí Ábúsálómù, ọmọ Ọba Dáfídì, tó kú ló ti gbé ọ̀wọ̀n kan nàró fún ara rẹ̀ ní Àfonífojì Ọba, ó ní òun kò ní ọmọkùnrin tí yóò jẹ́ kí wọ́n rántí orúkọ òun. (Orí 14 ní ó bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Àwọn kan gbà pé kékeré ni wọ́n ti kú.) Ẹ má tètè bú u. Ṣebí ike tí wọ́n tẹ àwòrán màmá sí, tí wọ́n pín níbi ìsìnkú, wà nílé yín? Èyí tó wà nílé wa la fi ń bu gàrí. Kànrìnkàn ti bó gèlè màmá kúrò lára rẹ̀, ó ku ojú àti orúkọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ jù ú nù.

Ní 1962, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Jay Lifton, bá àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì 1945 kò pa ní ìlú Hiroshima, ní Japan, sọ̀rọ̀. Ara wọn yè, ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀pọ̀ wọn ti kú tipiri. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé ọmọ ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan òun kan yóò kù lẹ́yìn òun: ìbáà ṣe ọmọ, ìgbàgbọ́, iṣẹ́ ọwọ́, tàbí ilẹ̀ àti igi tí kò ní bá òun lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ló gba iwájú. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, àbí? Mo ti rí arábìnrin tó rọra dìde nídìí oúnjẹ nígbà tí olórin fi ọ̀rọ̀ yẹn kọrin. Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ń lọ.

Ní Aísáyà 56, ìwẹ̀fà (ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, tí kò lè bímọ) tó ń pe ara rẹ̀ ní igi gbígbẹ ni Ọlọ́run ṣèlérí fún pé òun yóò fún un ní orúkọ tó sàn ju ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ, nínú ilé òun. Àwa la wà nínú ilé náà. Bí àwa bá gbàgbé orúkọ yẹn, ta ni kó rántí rẹ̀?

Nítorí náà, ní ìsìn ìrántí àwọn olóògbé tọdún yìí, a kò ní dúró de ẹbí nìkan. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ti sùn láìfi ọmọ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣe láàárín wa, ìbáà ṣe ilé Ọlọ́run tí wọ́n ń gbá ni. Ẹ fún akọ̀wé ìjọ kó tó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.