Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ajinomoto

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn,
Òwúrọ̀ Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mi ò béèrè òtútù Manchester, ẹ ti mọ́ ọn lára. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. O ní kí n kó gbogbo ajinomoto ilé Màmá dà sí gọ́tà, pé òun ló jẹ ọpọlọ wọn tí rọpárọsẹ̀ fi kì wọ́n mọ́lẹ̀. Mi ò fi ohùn dá ọ lóhùn torí ọ̀rọ̀ náà gùn, o sì mọ̀ pé tí tíṣà báyọ́lọ́jì bá ti bẹ̀rẹ̀, àfi kí aago lù kó tó dákẹ́.

Ìdajì òótọ́ lo gbọ́. Glutamate ló ń mú ajinomoto dùn lẹ́nu. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan kan, Kikunae Ikeda, ló yọ ọ́ jáde lára ewé inú òkun lọ́dún 1908, níbi tó ti ń wá ohun tó ń mú omi ọbẹ̀ wọn dùn. Nígbà tó di 1969, dókítà kan ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, John Olney, gún àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, apá kan ọpọlọ wọn sì kú. Ọ̀pọ̀ ìbẹ̀rù tí ẹ ń gbé kiri, ibẹ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni, ó sì pọ̀. Kì í ṣe ṣíbí kékeré nínú ìkòkò ọbẹ̀. Èyí tí a bá jẹ, ìfun fúnra rẹ̀ ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tó bá sì dé inú ẹ̀jẹ̀, ògiri ló máa bá lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ. Irú tí èmi àti ìwọ fi dàgbà, glutamate wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ta ló gbọ́ pé irú sọ èèyàn di arọ rí?

Glutamate tó ṣe Màmá ní jàǹbá, inú ọpọlọ wọn gan-an ló ti jáde.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan kì í fara kan èkejì. Àlàfo tíń-ín kan wà láàárín wọn. Tí ọ̀kan bá fẹ́ jí èkejì, á da glutamate díẹ̀ sínú àlàfo yẹn. Ìlẹ̀kùn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ ìpè, NMDA ni wọ́n ń pè é, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní magnesium sì dé ẹnu rẹ̀ pa bí ìdérí igò. Ìpè lásán kò lè ṣí i. Ó dìgbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti jí dáadáa kí ìdérí yẹn tó fò, kí èròjà mìíràn, calcium, tó ráyè wọlé. Calcium yẹn ló ń sọ fún un pé kó fi ohun tó gbọ́ sọ́kàn. Ìlẹ̀kùn tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kànkùn là ń ṣí fún! Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn ní kíláàsì lọ.

Tí ìpè bá ti parí, kí wọ́n kó glutamate nílẹ̀ kíá ló kù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó rí bí ìràwọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, bí àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ ọjà. Iṣẹ́ náà ń jẹ agbára, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé agbára wá. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀nà, àwọn agbálẹ̀ á jókòó, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì da gbogbo glutamate inú wọn síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlẹ̀kùn á ṣí gbayawu, calcium á ya wọlé, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, òun náà á tún da tirẹ̀ sórí aládùúgbò.

Jẹ́ kí n sọ ti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn fún ọ, mi ò tíì sọ ọ́ délẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Màmá ń ro ọkà lẹ́yìnkùlé, orógùn já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣà á, wọ́n fi lé ọ̀tún, ó tún já bọ́. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà.” Wọ́n fẹ́ dá mi lóhùn, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Àwa ńkọ́? A gbé wọn wọlé, a fi àdí ra wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ayé ni, ó pe wòlíì. Ẹlòmíràn ní ó rẹ̀ wọ́n ni, kí wọ́n sùn. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì, abẹ̀bẹ̀ ni mo dì mú. Wákàtí mẹ́rin kọjá kí a tó wá mọ́tò. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn. Kí wọ́n tó ya àwòrán orí wọn tán, ó ti kọjá.

Wọ́n ti ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2006 pé tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá bá dí, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kan. Lóru ọjọ́ kan mo ń máàkì, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọmọ kan: 1.9 lọ́nà 240, iye ìṣẹ́jú inú wákàtí mẹ́rin. Mílíọ̀nù 456. Mo fa ewé yẹn ya. Ọmọ yẹn á ṣì máa wá ẹni tó ba ìwé òun jẹ́.

O máa ní ṣé kò sí oògùn tó lè ti ìlẹ̀kùn náà ni. Wọ́n gbìyànjú. Oògùn méjì kan, selfotel àti aptiganel, kò ran aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n sì ń da orí àwọn mìíràn rú. Ní California, wọ́n kó 1,700 aláìsàn jọ, wọ́n ń fún àwọn kan ní magnesium láti inú áńbúláǹsì. Èsì jáde lọ́dún 2015, kò sí ìyàtọ̀. Lójú tèmi, kò yani lẹ́nu. Ẹ̀kún omi ti kọjá kí oògùn tó dé, ìlẹ̀kùn tí wọ́n sì fẹ́ tì, òun kan náà lèèyàn fi ń kọ́ nǹkan.

Òun náà ni Màmá ń lò báyìí. Wọ́n ń pe ṣíbí ní bàtà, wọ́n á wò mí, àwa méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ajé, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún bó ẹ̀gúsí mọ́kànlá. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, mẹ́tàlélógún. Mo kà á.

O jàre níbì kan ṣá o: iyọ̀. Màgí tí a ń rún sọ́bẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti ń ru tipẹ́ tí a ò kà á sí. Mo ti dín in kù gan-an. Lánàá wọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, wọ́n fajú ro, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ náà pẹ́ pẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní, “Irú.” Kò sí irú níbẹ̀ lóòótọ́, mo gbàgbé ni.

Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá ti tóbi jù, apá wọn ti rù. Bá mi wá kékeré, kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ